Òwúrọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí Ọdẹ́wálé Fi Rúbọ

Ẹfúnwùnmí, aya Ọdẹ́wálé, kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìgbà tí ó ń ṣú. Ọmọ tí ó bí ni ó da ọjọ́ rú mọ́ ọn lójú. Ìṣọ̀lá ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà. Nígbà tí gbogbo ayé bá sùn, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, orí rẹ̀ á wó lé àyà ìyá rẹ̀ bí ewé tí a já. Kò sí oorun tí ó sùn dé ìdí. Kò sí jíjí tí ó jí tán. Ààrin méjèèjì ni àìsàn ti ń ba dè é.

Gìrì ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n pè é ní wárápá. Bí ọmọ náà bá ti ń lajú kúrò lójú oorun báyìí, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú lójijì, apá rẹ̀ méjèèjì á fò sókè bí ẹni tí ó fẹ́ dì mọ́ ènìyàn, ara rẹ̀ á ká. Á na, á tún ká. Á na, á tún ká. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ké, ẹkún tí kò ní omijé. Síbẹ̀ ohun tí ó dun ìyá rẹ̀ jù lọ ni ohùn tí ó sọnù. Kí àìsàn yìí tó dé, Ìṣọ̀lá ti ń bá a sọ̀rọ̀ tirẹ̀: á ní "agù", á ní "bù-ù", á rẹ́rìn-ín sí òrùlé. Àìsàn dé, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó wá ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ògiri.

Oorun kò lẹ́sẹ̀, ó ń wọ ààfin láìkí oníbodè;
Igbe kò lápá, ó ń ṣílẹ̀kùn tí a tì;
Ẹni tí ń lu nǹkan kì í gbọ́ ohun tí ń ké:
Àwọn ni wọ́n dá ẹ̀rìndínlógún fún Ẹfúnwùnmí,
Níjọ́ tí ó ń wá ohùn ọmọ rẹ̀ kiri,
Tí kò mọ̀ pé inú ilé ni ohùn náà wà.

Ilé alùṣọ ní Òkè-Aró ni wọ́n gbé Ẹfúnwùnmí sí níyàwó. Àwọn alùṣọ ni wọ́n í gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn aláró, tí wọ́n í tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, tí wọ́n í fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi dán bí ìyẹ́ agbe. Bí aṣọ kò bá tíì tó, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á wúwo. Bí ó bá ti dé ojú ẹ̀, ohùn á yí padà, á máa dún bí ẹni fi èékánná kan ìkòkò. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ọdẹ́wálé lè di ojú méjèèjì lu aṣọ kí ó sì dáwọ́ dúró níbi tí ó yẹ gan-an. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ti dàgbà kọjá kùmọ̀, ṣùgbọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ó tó o," kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ rárá.

Kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti ń lù, nítorí ìrì àárọ̀ ni ó ń mú kí aṣọ gba kùmọ̀. Láti ayé bàbá bàbá Ọdẹ́wálé ni kùmọ̀ ilé wọn ti ń jí àdúgbò. Àwọn obìnrin tí ń lọ sódò, òun ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbé ìkòkò. Ọdẹ́wálé a máa wí pé, "Bí a kò bá tíì lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́." Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́.

Ìtì igi náà kò jìnnà sí ògiri yàrá tí Ìṣọ̀lá ń sùn sí.

Àwẹ̀ró sì ní òfin kan tí ó mú wá láti ilé ìyá tirẹ̀. Ó ní ọmọ onígìrì kì í sùn. Bí ó bá sùn fọnfọn, àwọn tí ń pè é lọ́run á ráyè fà á lọ. Nítorí náà, bí ojú ọmọ bá ti ń pa dé, wọ́n á mì ín. Bí mímì kò bá ṣe é, wọ́n á gbé e sún mọ́ ìtì igi, Ọdẹ́wálé á sọ kùmọ̀ mọ́lẹ̀, gbì, ọmọ á ta jí. Wọ́n ti fún un ní àgbo oríṣiríṣi. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá iná títí ó fi bó. Wọ́n ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí èrìgì rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ ọ̀rọ̀ Òrìṣà, ẹ má fojú ìkà wò wọ́n. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò fetí sílẹ̀, ọ̀bẹ tí a fi aṣọ àlà wé ni.

Nígbà tí ọmọ náà rù dé ibi tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ mọ egungun ìhà rẹ̀ bí ó bá pọ̀n ọ́n, Ẹfúnwùnmí mọ̀ pé ikú ti mọ ọ̀nà ilé wọn. Ó pọ̀n ọ́n, ó gba ọ̀nà odò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣungbèmí, ìyá olórìṣà tí ó ń da ẹ̀rìndínlógún, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn gbogbo ilé. Kò sí ohun tí ń dún níbẹ̀ bí kò ṣe omi.

Ìyá kò jẹ́ kí ó ro ẹjọ́ rárá. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Má sọ ọ́ fún mi. Owó ẹyọ ni kí o sọ ọ́ fún."

Ẹfúnwùnmí gbé ẹyọ kan sún mọ́ ètè, ó sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá gbà á, ó pò ó mọ́ àwọn yòókù, ó dà wọ́n sórí àtẹ. Márùn-ún ṣíjú sókè, àwọn ìyókù dojú bolẹ̀. Ọ̀ṣẹ́, odù tí Ọ̀ṣun fi ń sọ̀rọ̀, ni ó jáde.

"Ọmọ ni," ni Ìyá wí. "Ó ní ohùn tẹ́lẹ̀, ohùn náà sì lọ."

Omi lé ròrò sójú Ẹfúnwùnmí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Báwo ni ó ṣe máa ń ké kí ó tó mú un?"

"Ẹkún ni, Ìyá. Ẹkún ọmọ."

"Mo ní irú èwo?"

"Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀."

"Kò sí ọmọ tí ó ní ẹkún kan ṣoṣo. Ewúrẹ́ pàápàá ní ju ẹyọ kan lọ. Ìyàwó ilé alùṣọ ni ọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Aṣọ tí kò lẹ́mìí, ẹ ń gbọ́ ohun tí ó ń wí," ni Ìyá wí.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, orí Ìṣọ̀lá wó sí èjìká ìyá rẹ̀. Ọwọ́ Ẹfúnwùnmí ti lọ sẹ́yìn láti mì ín kí ó tó rò ó. Ìyá di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀."

"Ìyá ọkọ mi ní bí ó bá sùn…"

"Ìyá ọkọ rẹ kò sí níhìn-ín. Sọ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi tí òjìji wà. Ọmọ náà sùn. Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gun ògiri, ọmọ ṣì ń sùn. Ẹfúnwùnmí jókòó tì í, ó ń ka èémí inú àyà ọmọ bí ẹni ń ṣọ́ iná tí ó fẹ́ kú. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ jí, kò sí ẹni tí ó pè é, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n. Apá rẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fò sókè, ó sì tán. Ní ilé, ìyá rẹ̀ a máa ka iye ìgbà tí apá náà ń fò títí yóò fi gbàgbé. Ọmọ náà yí ojú sí ibi tí omi ti ń dún, ó ń fetí sí i.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ó sọ kí ó tó ṣe é?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan, Ìyá."

"Ó sọ ọ́. Bí àdàbà tí omi há sí lọ́fun. Wàá gbọ́ ọ bó pẹ́ bó yá."

Ìyá wá wo àtẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sọ ẹbọ. Ó ní, "Òrìṣà ní ọmọ yìí kò ní kú, bí ẹ bá rúbọ. Kò sọ pé àìsàn náà á lọ tán pátápátá; èmi kò ní purọ́ mọ́ Òrìṣà. Ó ní ẹ ó gba ọmọ yín, ẹ ó sì gba ohùn rẹ̀. Àkùkọ àgbàlá yín tí ń kọ ṣáájú ọ̀yẹ̀ ni ẹbọ. Kùmọ̀ tí bàbá ọkọ rẹ fi sílẹ̀ náà ni, kí ẹ gbé e wá sí etí odò yìí. Àti òwúrọ̀."

"Òwúrọ̀ wo, Ìyá?"

"Òwúrọ̀ ilé yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ kùmọ̀ mọ́ igi títí ọmọ yóò fi jí fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì jí i. Etí ni ó wá kù. Etí tí ẹ fi ń gbọ́ aṣọ, òun ni Ọ̀ṣun ń bèèrè fún ọmọ yìí."

Ẹfúnwùnmí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ó ti gbọ́ ọ.

Ọdẹ́wálé fetí sílẹ̀ títí ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní, "Mo ti rí ẹni tí ó fi ewúrẹ́ rúbọ. Mo ti rí ẹni tí ó fi ẹyẹlé rúbọ. Òwúrọ̀ ni n kò tíì rí kí wọ́n so lọ́rùn fà lọ sójúbọ."

Àwẹ̀ró ní, "Ó ní kí ó máa sùn? Bí ó bá sùn lọ, ṣé olórìṣà yẹn ni yóò wá gbẹ́ ilẹ̀ tí a ó sin ín sí?"

"Bàbá Ìṣọ̀lá," ni Ẹfúnwùnmí wí lórí ìkúnlẹ̀, "ó sùn lọ́hùn-ún. Ó sùn, ó sì jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dán an wò."

"Àkùkọ, mo gbà. Kùmọ̀ bàbá mi, rárá. N ó fi àgbò rọ́pò rẹ̀. Òrìṣà tí kò bá gba àgbò, mo fẹ́ rí i."

Ó sì fa àgbò ńlá kan lọ sí etí odò, èyí tí ìwo rẹ̀ ká bí òrùka.

"Ìyá, ẹ kú òrìṣà. Àgbò rèé. Ó ju ohun tí ẹ ní kí a mú wá lọ."

"Àgbò dára," ni Ọ̀ṣungbèmí wí. "Ta ni ó bèèrè rẹ̀?"

"Èmi ni mo fi rọ́pò."

"Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn, tí ó ní kí o fún òun lómi, tí o gbé iṣu lé e lọ́wọ́, o ti náwó o. Òun kò sì tíì mu."

Ọdẹ́wálé fa okùn àgbò díẹ̀. "Ìyá, bí n kò bá lu aṣọ kí oòrùn tó yọ, àwọn aláró á gbé aṣọ wọn lọ sílé ẹlòmíràn. Ta ni yóò wá mọ̀ pé a wà ní Òkè-Aró?"

"Ọmọ rẹ."

"Ọmọ tí kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán?"

"Ta ni ó dà á rú mọ́ ọn lójú?"

Ọdẹ́wálé fa àgbò lọ sídìí igi kan. Ó so àgbò mọ́ igi, ó kí Ìyá, ó yí padà. Ọ̀ṣungbèmí dìde, ó tú okùn lọ́rùn àgbò. Àgbò tọ ẹ̀yìn olówó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ àwọn aláró, obìnrin kan tí ó ń rẹ aṣọ láró gbé orí sókè, ó ní, "Ọdẹ́wálé, ẹbọ rẹ ń tẹ̀lé ọ bọ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìṣọ̀lá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun díẹ̀ ni. Ẹfúnwùnmí na ẹ̀yìn tì í, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń tẹ́ aṣọ níta. Kò lè lọ bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti bẹ̀ ẹ́ tán. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ balẹ̀, gbì. Ọmọ náà fò lórí ẹní. Ìgbà yìí kò ká kí ó na mọ́. Ó le gbagidi, ètè rẹ̀ dúdú, kò sí èémí. Àwẹ̀ró sáré wọlé, ó na ọwọ́ sí ṣíbí.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu," ni Ẹfúnwùnmí wí. Kò tíì kọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé náà. Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lófuurufú. Níta, kùmọ̀ ń dún lọ, ó ń dún lọ, kí èémí ọmọ náà tó padà.

Nígbà tí oòrùn yọ, ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n. Ó gbá àkùkọ mọ́ abẹ́ apá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi, ó ní, "Bàbá Ìṣọ̀lá, mo ń lọ rú tèmi. Tiyín wà lọ́wọ́ yín." Kò pariwo, kò bú ènìyàn. Ọ̀nà odò ni ó gbà.

Ọ̀ṣungbèmí gba àkùkọ náà. Ẹfúnwùnmí ní, "Ìyá, kùmọ̀ kì í ṣe tèmi. N kò lè mú un wá." Ìyá ní, "Òrìṣà kì í bèèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ. Òwúrọ̀ tìrẹ dà?" Ẹfúnwùnmí ní òun nìyí, òun àti òwúrọ̀ òun. Ìyá fún wọn ní yàrá tí ó kọjú sí omi.

Kò pẹ́ sí i, Àwẹ̀ró dé. Ó ní òun wá gbé ọmọ ọmọ òun kí wọ́n tó fi oorun pa á. Ìṣọ̀lá ń sùn lórí ẹní. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ láti mì ín.

"Àwẹ̀ró," ni Ọ̀ṣungbèmí wí láti ibi tí ó jókòó sí, "wọ́n ní o máa ń gbọ́ aṣọ kí ọmọ rẹ tó gbọ́ ọ."

Àwẹ̀ró na ọrùn. "Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kò purọ́."

"Fi etí yẹn sí ọmọ yìí títí yóò fi jí. Bí kò bá sí nǹkan tí o gbọ́, gbé e máa lọ. N kò ní dá ọ dúró."

Ìgbéraga ni ó mú Àwẹ̀ró jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ó ká ẹsẹ̀, ó dijú bí ó ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, omi ń dún, ọmọ ń sùn. Nígbà tí ó yá, ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó o," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá alùṣọ sọ̀rọ̀. Ẹfúnwùnmí kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ó tó bèèrè, orí ọmọ tẹ̀ síwájú, apá rẹ̀ fò sókè.

Nígbà tí ó tán, Àwẹ̀ró kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ó yí ohùn padà," ni ó wí. "Kí ó tó mú un, ohùn rẹ̀ yí padà gẹ́gẹ́ bí aṣọ. Ó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo ń pariwo bò ó mọ́lẹ̀."

Kò gbé ọmọ lọ mọ́. Ó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fún òun ní ìró aṣọ kan sí i.

Báyìí ni àwọn obìnrin méjì náà ṣe fi òwúrọ̀ wọn rúbọ. Àwẹ̀ró kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí a ti ń gbọ́. Ẹfúnwùnmí wá mọ̀ pé ebi ní ohùn tirẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ó mọ ti oorun, tí í máa fà bí okùn. Ó mọ èyí tí kì í ṣe ẹkún rárá, tí ọmọ kàn fi ń bá ara rẹ̀ ṣeré. Ó sì gbọ́ ti àdàbà náà níkẹyìn, ohùn kékeré tí í gé ní agbede méjì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á dẹ ọ̀já, wọ́n á yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fa aṣọ bo ojú fèrèsé, wọn kò sì ní ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n á dúró tì í títí yóò fi kọjá. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ orin kan náà fún un, wọ́n á rẹ iná sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí fèrèsé díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wá pè é. Díẹ̀díẹ̀ ni òru di òru lójú ọmọ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbà tí ó ń mú un ń jìnnà síra. Ara rẹ̀ gba oúnjẹ, egungun ìhà rẹ̀ wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹfúnwùnmí ń fẹ́ná lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ láti inú yàrá: "Bù-ù." Ó dáwọ́ dúró. Kò sáré wọlé, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá wọlé, á dákẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú, ó ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń bá òrùlé sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́wálé ńkọ́? Ó ń lù. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń lù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ní "Ó tó o" lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kò sì sí ẹkún lẹ́yìn ògiri. Bí ó bá sọ kùmọ̀ tán, etí rẹ̀ á lọ sí ògiri náà, á máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa lù lọ. Ó ń lu aṣọ kọjá ibi tí ó yẹ. Aṣọ ń là ní ojú ìṣẹ́po. Àwọn aláró kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà, wọ́n ní kùmọ̀ Ọdẹ́wálé ti dití. Lẹ́yìn náà wọn kò fi ṣe àwàdà mọ́. Wọ́n ń gbé aṣọ wọn gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sílé ẹlòmíràn. Ohun tí ó bẹ̀rù tí kò fi rúbọ, òun gan-an ni ó wá bá a.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wá dé, kùmọ̀ kò dún. Àdúgbò sùn kọjá àkókò. Nígbà tí àwọn obìnrin fi máa gbé ìkòkò jáde, wọ́n pàdé Ọdẹ́wálé lọ́nà odò, kùmọ̀ bàbá rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.

"Bàbá Ìṣọ̀lá," ni ọ̀kan wí, "ṣé ilẹ̀ mọ́ lónìí àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́," ni ó wí, ó ń lọ.

Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí ó kọjú sí omi. Ìṣọ̀lá ti jí fúnra rẹ̀. Ó na gbalaja sórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń sọ̀rọ̀: "Bù-ù. Agù. Bù-bù." Àwẹ̀ró fi ìka sẹ́nu kí ọmọ rẹ̀ má baà sọ̀rọ̀. Ọdẹ́wálé dúró gbọnrangandan. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ó fẹ́ sọ kùmọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ. Kùmọ̀ yọ̀ bọ́. Gbì.

Ọmọ náà dákẹ́. Kí Ọdẹ́wálé tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, ìyá rẹ̀ ti fa aṣọ bo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ara ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ó ká, ó na, ó tún ká, ó sì kọjá.

"Kí ni ó sọ fún yín," ni Ọdẹ́wálé bèèrè, "tí ẹ fi mọ̀?"

Àwẹ̀ró wò ó. "Ìwọ kò gbọ́?"

"N kò gbọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tí ó ń dijú gbọ́ aṣọ. Ó ní, "Ìgbà wo ni ohùn rẹ̀ ti padà?"

"Ó ti ṣe díẹ̀," ni Ẹfúnwùnmí wí.

"Kí ni ó kọ́kọ́ sọ?"

"Bù-ù ni."

Ọdẹ́wálé mi orí. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà báyìí, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ fún un tí yóò fi gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ tí ó dún. Òwúrọ̀ náà ti lọ. Orí ìtì igi ni òun wà nígbà náà, ó ń lu aṣọ tí ó là.

Ó gbé kùmọ̀ lọ bá Ọ̀ṣungbèmí létí omi. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ṣé ó ti pẹ́ jù?"

"Kò pẹ́ jù fún Òrìṣà," ni Ìyá wí. "Èyí tí ó ti kọjá nìkan ni kò sí lọ́wọ́ Òrìṣà láti dá padà fún ọ. Sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tútù. Níbẹ̀ ni kùmọ̀ náà wà títí ó fi rà.

Wọ́n padà sílé. Wọ́n yí ìtì igi lọ sẹ́yìn àgbàlá pátápátá, lábẹ́ igi ìyeyè. Ọdẹ́wálé gbẹ́ kùmọ̀ tuntun. Dípò ìrì, ó ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n omi sára aṣọ nígbà tí oòrùn bá yọ, aṣọ sì ń dán. Àwọn aláró padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn kí Àwẹ̀ró àti Ẹfúnwùnmí bá wọn gbọ́ ọ, orúkọ Ẹfúnwùnmí sì kọjá odò. Àìsàn Ìṣọ̀lá kò lọ tán, gẹ́gẹ́ bí Òrìṣà ti wí. Ó pẹ́ kí ó tó rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń jí, ó sì dàgbà.

Ẹ̀yin tí Ẹlẹ́dàá fi irú ọmọ báyìí ta lọ́rẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ lo oògùn tí wọ́n bá fún yín. Òrìṣà kò bá oníṣègùn jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé etí yín lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún wọn. Ẹbọ tí wọ́n sọ ni ẹbọ. Èyí tí a fi rọ́pò, bí ó ti wù kí ó tóbi, yóò tọ ẹ̀yìn wa délé bí àgbò Ọdẹ́wálé.

Àwọn obìnrin ilé náà rú tiwọn lásìkò, wọ́n jèrè àsìkò náà. Ọdẹ́wálé tí ó fi ẹbọ ṣe ẹ̀fẹ̀ rú tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àbámọ̀ ni ó fi rú u. Ara rẹ̀ kò sì gbàgbé àkókò ilé baba rẹ̀. Títí ó fi di arúgbó, ó ń jí kí ẹyẹ tó jí. Á jáde, á jókòó sídìí ògiri yàrá ọmọ rẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á dijú. Àwọn obìnrin tí ń lọ sódò á kọjá, wọn kò ní kí i sókè. Nígbà tí ohùn Ìṣọ̀lá bá dún lẹ́yìn ògiri, Ọdẹ́wálé á dìde.

"Ilẹ̀ ti mọ́," ni yóò wí, á sì lọ mú kùmọ̀.